Ajá Kọ́ Ni Yóò Sọ Bóyá Ọmọ Mọ̀wé Kà

Ní àárọ̀ Sátidé, tí àwọn ọmọ ìlú Harlan Creek ní Ohio bá ti jẹun tán, ilé ìkàwé ni wọ́n ń gbà lọ láti kàwé fún ajá. Ajá á nà gbalaja sórí ẹní, ọmọ á jókòó tì í, á ṣí ìwé, á máa kà á sí i létí. Wọ́n ní ajá kì í fi ọmọ ṣẹ̀sín, kì í sì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí náà ọkàn ọmọ tí ìwé ń ni lára á balẹ̀ níwájú rẹ̀.

Nínú àwọn ajá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó lókìkí tó Díákónì, ajá Russell Veatch. Etí rẹ̀ gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, ojú rẹ̀ sì fà wálẹ̀ bí ojú ẹni tí ìwàásù wọ̀ lọ́kàn. Russell, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, á gbójú sókè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Nell ni etí rẹ̀ wà. Nell ni ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ òun àti Lorraine, ìyàwó rẹ̀.

Nell a máa kàwé fún Díákónì geerege, láìkọsẹ̀. Àwọn ìyá tó wà nítòsí á mi orí, wọ́n á ní ajá yìí ní ẹ̀bùn. Russell gbà wọ́n gbọ́. Ó ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pé ajá òun ti kọ́ ọmọ ọmọ òun ní ìwé kíkà. Onígbàjámọ̀ béèrè bóyá ajá náà lè wá kọ́ àbúrò ìyàwó òun ní iṣẹ́ ṣíṣe.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ilé ìwé ránṣẹ́ pe Russell. Wọ́n ní Nell ti fà sẹ́yìn gan-an nínú ìwé kíkà. Bí kò bá yege nínú ìdánwò ìwé kíkà ti kíláàsì kẹta nígbà tí òjò dídì bá yọ́ tán, inú kíláàsì náà ni yóò wà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì kọjá lọ.

Inú bí Russell dé ilé.

"Wọ́n ní Nell kò mọ̀wé kà," ó sọ fún Lorraine. "Díákónì sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ."

"Díákónì jẹ ìbọ̀sẹ̀ mi lánàá," Lorraine fèsì. "N kò mọ̀ bóyá a lè pè é ní ẹlẹ́rìí."

Síbẹ̀, Lorraine kò gbà pé ewu wà. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ nìyí: ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ó kàn ń gbọ́ ni, títí ẹnu rẹ̀ fi là. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé. Ẹ fi ìtàn aládùn yí ọmọ ká, ẹ fi í sílẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n kà bó bá tó àkókò.

Gus Tomczak, aládùúgbò wọn, tó ń yà jẹ páì èso ápù ní ìrọ̀lẹ́, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ní ìwé aláwòrán ló ba Nell jẹ́. Ní ayé tàwọn, orúkọ lẹ́tà ni wọ́n ń ké láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, pàṣán sì ń bẹ lórí tábìlì. Lorraine béèrè ìwé tó ti kà láti ìgbà tí pàṣán ti kọ́ ọ. Gus ní òun ń ka ìwé ìròyìn. Lorraine ní ojú ewé bọ́ọ̀lù nìkan ni. Ọ̀rọ̀ di fà-á-kí-n-fà-á títí páì fi tán, Gus ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Inú yàrá kejì ni Nell wà ní gbogbo àsìkò yìí. Kò sí ẹni tó gbé ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó kà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Díákónì ti yó jù kó tó dé ilé ìkàwé. Bí Nell ti ṣí ìwé, ajá náà gbé orí lé e, ó sùn. Ẹnu Nell sì dákẹ́.

Russell ní kó máa bá a lọ.

"Díákónì sùn lé e, Bàbá àgbà."

"Àwòrán ló sùn lé. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ wà nísàlẹ̀, mò ń rí i láti ibi tí mo wà."

"Mo mọ̀," Nell wí. "Ohun tí mò ń kà ló sùn lé yẹn."

Russell dìde lórí àga. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún, ó fi ìka tọ́ sí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ àgbọ̀n ajá, ó béèrè ohun tó jẹ́. Nell ní ẹṣin ni. Ó tún wo ojú bàbá àgbà rẹ̀, ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Ó ní màlúù ni. Ilé ló wà níbẹ̀.

Ọmọ náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ní kíláàsì ló ń ṣe: bí o bá dé ibi ọ̀rọ̀ tí o kò mọ̀, wo àwòrán, wo lẹ́tà àkọ́kọ́, kí o ro ohun tó lè bá a mu. Ìtàn tó bá sì ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, orí rẹ̀ gbà á pátá.

"Díákónì kì í sọ pé mo ṣì í," Nell sọ jẹ́jẹ́. "Bàbá àgbà, ṣé olódo ni mí?"

Russell fà á mọ́ra. Ó gbé e lé itan. Ó ní olódo tí yóò há odindi ìwé sórí kò tíì dáyé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, òun àti Lorraine lọ rí Ìyáàfin Delgado, olùkọ́ tí ilé ìwé yàn fún àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára. Gus tẹ̀ lé wọn. Kò sí ẹni tó pè é.

Ìyáàfin Delgado gbọ́ tẹnu kálukú. Lẹ́yìn náà ó sọ fún Lorraine pé òótọ́ ni pé ọmọ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ títí yóò fi sọ ọ́, nítorí a bí etí mọ́ iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n a kò bí ojú mọ́ lẹ́tà. Ènìyàn ló dá lẹ́tà sílẹ̀, ènìyàn ló sì gbọ́dọ̀ fi han ọmọ pé àmì báyìí, ìró báyìí ló ní. Àwọn ọmọ kan á rí i fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ kì í rí i, kì í sì í ṣe pé orí wọn kú.

"Ṣé kí a kó àwọn ìwé ìtàn dànù ni?" Lorraine béèrè. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa kà wọ́n fún un lálaalẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń rí ọ̀rọ̀ àti òye. Ṣùgbọ́n ìwé tí òun fúnra rẹ̀ yóò kà, kó jẹ́ èyí tó kún fún lẹ́tà tí a ti kọ́ ọ ní ìró rẹ̀."

Gus ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pàṣán nìkan ni wọ́n gbàgbé.

"Pàṣán kò ní ìró lẹ́tà nínú, sà," Ìyáàfin Delgado fèsì. "Kíké orúkọ lẹ́tà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ náà kò tó. Ìró la ń kọ́, a ó so ó pọ̀, yóò di ọ̀rọ̀, a ó kà á nínú gbólóhùn, a ó sì bi ọmọ ní ìtumọ̀ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, lójoojúmọ́."

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ìwé, Ìyáàfin Delgado ń kọ́ Nell. Ní ìrọ̀lẹ́, Russell ń gbọ́ ọ. Àwọn ìwé kéékèèké náà kò dùn. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan gbé ìkòkò sórí àkéte, ó tún gbé e kúrò, ìtàn parí. Russell béèrè ìdí tó fi gbé e síbẹ̀. Nell ní kò sí nínú ìwé, òun sì ti jáwọ́ nínú kíka ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ní ilé ìkàwé, ojú tì wọ́n. Nell tó ń kàwé geerege tẹ́lẹ̀ ti wá ń wọ́ ọ bí ẹni tó ń fa ẹrù gun òkè. Díákónì ń hanrun. Ìyá kan sún mọ́ Russell, ó béèrè ohun tó ṣe ọmọ náà.

"Tẹ́lẹ̀, àwòrán ló ń kà," Russell wí. "Ìwé ló ń kà báyìí."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Russell dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. Nell jáde, ó wọ inú ọkọ̀, ó fa bẹ́líìtì mọ́ra.

"Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, Bàbá àgbà."

"Báwo lo ṣe wá ṣe é?"

Nell wò ó bí ẹni tí kò lóye ìbéèrè náà.

"Mo kà á," ó wí.

Ó yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló fi lé. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá sí kíláàsì kẹrin.

Òbí àti alágbàtọ́, ẹ má fi ìyìn ṣe ìdánwò. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán inú ìwé tí ọmọ yín fẹ́ràn, kí ẹ ní kó kà á. Bó bá ń fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn, tàbí tó ń wo ojú yín dípò ìwé, ẹ tètè lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìró lẹ́tà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí ọmọ wò.

Bó bá kọsẹ̀ níbi ọ̀rọ̀, ẹ má ní kó méfò. Ẹ ní kó wo lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó pe ìró wọn, kó so wọ́n pọ̀. Ẹ má nà án, ẹ má sì pè é ní olódo. Ẹ máa ka ìtàn fún un, nítorí ọmọ tó mọ ìró tí kò mọ ìtàn kò tíì mọ̀wé. Bó bá ń falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ ní sùúrù: kíkà tó falẹ̀ tó jẹ́ òótọ́ sàn ju èyí tó yá tó jẹ́ àbá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ìgbà tí yóò tó àkókò. Ọdún tí ọmọ bá fi méfò, kò sí ilé ìwé tó lè dá a padà fún un.