Àna Tó Bẹ Ọ̀wẹ̀ Lórí Ọ̀sà

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí Búrẹ́mọ̀, baálé ilé kan ní Igbó-Ọrà, sọ pé òun fẹ́ lọ fi ojú ara òun rí omi tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òun, Àmínà ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò bóyá ibà ló mú un. Ara bàbá tutù nini. Ọyẹ́ ló mú, kì í ṣe ibà.

Ọdún kẹrin nìyẹn tí àwọn jagunjagun ti tú ká ní Kírìjì. Ọ̀nà ti là. Ẹni tó bá ń lọ sí Abẹ́òkúta kò ní láti gbé ìbọn kọ́ èjìká mọ́, àwọn oníṣòwò sì ń gba Ẹ̀rúwà kọjá pẹ̀lú ẹrù òwú àti ẹrù epo, wọ́n ń kọrin bí ẹni pé kò sí ohun tó ń jẹ́ akónilẹ́rú láyé rí. Àwọn ọmọ Ìbàràpá tí kò mọ̀ ju ebè àti ọgbà iṣu lọ tẹ́lẹ̀ ti ń rìn dé etí òkun, àwọn mìíràn sì ń jókòó síbẹ̀. Irú wọn ni Sódìq ọmọ ìlú Tápà. Ó lọ ta iṣu l'Ékòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó rí ọkọ̀ onígbòkun, oko sì pòórá lọ́kàn rẹ̀.

Ràhmọ̀t ọmọ Búrẹ́mọ̀ ni Sódìq ń fẹ́, ọmọbìnrin tó ń hun kíjìpá tó ki débi pé òjò kì í tètè rọ́nà gbà kọjá nínú rẹ̀. Ọmọ fẹ́ ẹ. Ìyá ọmọ fẹ́ ẹ. Bàbá ló kù.

"Ọdún méjì ló ti ń fẹ́ ọmọ mi," Búrẹ́mọ̀ a máa sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í, "kò tíì bẹ ọ̀wẹ̀ kan fún mi!"

Ẹjọ́ bàbá kò burú. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀, kí wọ́n lọ kọ ebè lóko àna láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Àna á gúnyán fún wọn, á sì jókòó sábẹ́ igi, á máa wo bí ọkùnrin náà ṣe ń di ọkọ́ mú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó lè bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ebè sórí omi?

Sódìq ti ronú ọ̀rọ̀ náà títí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá.

"Bàbá Ràhmọ̀t, omi ni oko tèmi. Wọ́n ní kí n gbé ọkọ̀ tuntun kan láti Èkó lọ fún ẹni tó rà á ní Àgbádárìgì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ máa wo bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́."

Búrẹ́mọ̀ sun ọ̀rọ̀ náà mọ́jú, nígbà tó sì jí, ó dáhùn. "Bí o bá mọ iṣẹ́ náà, Ràhmọ̀t di tìrẹ. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, n ò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ ní àgbàlá mi mọ́."

Lẹ́yìn ògiri, ìró òfì Ràhmọ̀t dákẹ́, kò sì dún mọ́ títí wọ́n fi jáde nílé.

Bàbá kò jáde bẹ́ẹ̀ náà. Ó wọ dàńdógó, ó dé fìlà abetí-ajá, ó sì ní kí wọ́n tú igba iṣu sílẹ̀ ní ọgbà, nítorí àgbà kì í fọwọ́ lásán wọ ìlú onílùú. Àwọn aláàárù rù ú dé Abẹ́òkúta, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé e gba Odò Ògùn dé Èkó. Malachi, gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan ọkọ̀ onígbòkun náà, dúró létí ọ̀sà pẹ̀lú kóòtù dúdú nínú oòrùn, ó ń wo iṣu bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ṣé ẹ fẹ́ dá ọjà sílẹ̀ ni?"

Àwọn tó wà ní èbúté rẹ́rìn-ín. Sódìq kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó kó ìdajì òkúta kúrò nínú èyí tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìgbì má baà dojú rẹ̀ dé, ó sì to iṣu sí àyè wọn. Bàbá ṣàkíyèsí pé kò fọ́ ọ̀kan. Ó kà á sí rere fún un, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ síta.

Ọkọ̀ náà dára lójú. Pákó rẹ̀ ń rùn bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ìgbòkun rẹ̀ funfun láú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jìn. Jíjìn yẹn ló di ọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ Àtàláátà la wà yìí," ni Malachi wí, "ẹni tó rà á fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí o bá gba ojú òkun, ọjọ́ kan tàbí méjì, ibú wà níbẹ̀ tó pọ̀, àmọ́ Àgbádárìgì kò ní èbúté létí òkun, àárín ìgbì lo máa gbà gúnlẹ̀. Bí o bá gba inú ọ̀sà, ìgbì kò sí, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ti fa omi. O lè fìdí balẹ̀ sórí iyanrìn kí o sì pẹ́. Ìwọ ni atukọ̀."

Sódìq wo ojú ọ̀run, ó wo igi àgbọn bí ó ṣe ń jù. "Ọ̀sà ni n ó gbà."

Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé ọ̀nà àwọn ìyá arúgbó nìyẹn. Ẹ̀rín sọ. Ojú ti Búrẹ́mọ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó ti jagun rí ni, wọ́n wá ń fi òun àti ẹni tó ń fẹ́ ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìlú àjèjì!

"Sódìq," ó wí, "òkun ni ká gbà. Ta ló ń bẹ̀rù? Bí o bá gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yìí, gbàgbé ọmọ mi."

Sódìq dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Bàbá, bí ẹ bá ní kí n pọ̀n yín dé Igbó-Ọrà, n ó pọ̀n yín. Ṣùgbọ́n n ò ní gba òkun."

Ó dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù, ó sì tú okùn ọkọ̀. Kí ni bàbá yóò ṣe? Iṣu rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Ó wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó kẹ́yìn sí atukọ̀, ó jókòó.

Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi bá Sódìq sọ̀rọ̀. Nígbà tí ebi bá ń pa á, òpó ìgbòkun ọkọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Òpó, sọ fún ẹni tó ń darí rẹ pé àgbà kì í jẹ afẹ́fẹ́."

"Òpó," Sódìq á dáhùn láti ẹ̀yìn, "bá mi sọ fún bàbá pé ẹja ti jinná."

Àwọn atukọ̀ méjì tó wà pẹ̀lú wọn á bojú wo omi kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ láti ìhà oko wá, ìgbòkun kún fọ́fọ́, ọkọ̀ ń sáré létí àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó nínú omi. Àwọn obìnrin ń na ọwọ́ kí wọn. Ká sọ òótọ́, Búrẹ́mọ̀ ń gbádùn ara rẹ̀, inú sì ń bí i pé òun ń gbádùn.

Ní ọ̀sán Àlàmísì, ọkọ̀ dún gìrì, ó dúró. Iyanrìn ti mú un.

"Òpó!" bàbá kígbe, ayọ̀ sì wà lóhùn rẹ̀. "Ṣé o rí i? Ṣé mo sọ ọ́ tàbí n ò sọ ọ́?"

Sódìq kò bú ẹnikẹ́ni. Òun ló kọ́kọ́ bọ́ sómi, omi dé ìbàdí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ ìgbòkun kalẹ̀, ó kó òkúta tó kù dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi èjìká ti ọkọ̀. Kò mì. Ó tún tì. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbi tí pákó ti họ ọ́ lára, síbẹ̀ ó ń sọ fún àwọn atukọ̀ méjèèjì pé kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí òun nìkan dán an wò. Búrẹ́mọ̀ ti yíjú padà sí i láìmọ̀. Ó ń wò ó bí ó ṣe ń wo ẹni tó ń kọ ebè.

Lókèèrè, àwọn Ẹ̀gùn apẹja dúró létí abúlé wọn, wọ́n ń wòran. Bàbá wo àwọn èèyàn náà. Ó wo iṣu. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó dìde nínú dàńdógó, ó gbé iṣu kan sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́ omi o! Mo bẹ yín lọ́wẹ̀! Ẹni tó bá bá wa ti ọkọ̀ yìí yóò jẹ iṣu Ìbàràpá yó!"

Ṣé iṣu ni ẹ ń sọ fún ẹni tó ń fi ẹja jẹ ẹja láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn? Wọ́n dà wá, ọkùnrin, obìnrin, arúgbó tí kò lè ti ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe ń kó iṣu lọ sí etídò ni ọkọ̀ ń fúyẹ́ sí i. Iná ràn, iṣu ń sun, orin Ẹ̀gùn gba afẹ́fẹ́, bàbá sì ká dàńdógó rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó bọ́ sómi, ó ń sọ fún gbogbo ayé ibi tí wọn yóò fi ọwọ́ sí.

"Bàbá," Sódìq wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mí gúlegúle, "èmi ló yẹ kí n bẹ ọ̀wẹ̀ fún yín. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é pé àna ló ń bẹ̀ ẹ́ fún ọkọ ọmọ?"

"Ta ni ọkọ ọmọ? Panu dé, kí o máa tì!"

Lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni yọ eyín, ọkọ̀ bọ́ sínú ibú. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n jẹun títí oòrùn fi rẹlẹ̀.

Wọ́n dé Àgbádárìgì ní òwúrọ̀ Jímọ̀, ìgbòkun funfun náà gbé gàgà, ẹni tó rà á sì ń jó létí omi. Iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n bàbá kò tíì sọ ohunkóhun nípa Ràhmọ̀t, ẹ̀rù sì ń ba Sódìq láti béèrè. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bàbá ní kí ó mú òun lọ wo òkun tó sá fún.

Wọ́n fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n sọdá ọ̀sà, wọ́n rin iyanrìn kọjá lábẹ́ àgbọn. Búrẹ́mọ̀ gbọ́ ọ kí ó tó rí i. Ìgbì ga ju òrùlé lọ, ó ń wó lulẹ̀, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe sọ fún wọn pé ó di ọjọ́ márùn-ún tí ọkọ̀ kankan kò ti lè gúnlẹ̀ níbẹ̀. Bàbá fi ìdí lélẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Nígbà ogun Ìjàyè," ó wí, "Odò Ògùn kún. Olórí ogun wa ní ká wọ inú rẹ̀. Ó ní ta ló ń bẹ̀rù? A tó igba ọkùnrin létí odò náà, gbogbo wa la sì rí i pé ikú ni. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Tàófíìk àbúrò mi wà níwájú mi. Omi gbé e lọ ní ojú mi." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Èmi náà ni mo dúró l'Ékòó lọ́jọ́ sí, tí mò ń béèrè ta ló ń bẹ̀rù."

Sódìq dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn.

"O fi ìyàwó tí ò ń fẹ́ wewu kí n má baà kú," bàbá wí. "Tí kì í bá ṣe irú rẹ, ta ni n ó fún lọ́mọ?" Ó tẹ́wọ́, ó ní bisimilahi, ó ṣàdúà fún wọn níbẹ̀, àdúà gígùn tó ka orúkọ ọmọ mẹ́wàá tí wọn kò tíì bí. Ìgbì kan wá nígbà náà, ó rẹ dàńdógó rẹ̀ dé àyà, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ilé Búrẹ́mọ̀ ṣì wà ní Igbó-Ọrà lónìí, ó kún fún àwọn àtọmọdọ́mọ Ràhmọ̀t, olùkọ́, àgbẹ̀, ọlọ́kadà. Ilé tó le lórí ọ̀wọ̀ ni. Àmọ́ bí ọmọ kan bá dọ̀bálẹ̀ tàbí tó kúnlẹ̀ níbẹ̀, tó sì sọ fún àgbà pé rárá, ẹnikẹ́ni kì í gbé pàṣán. Wọ́n á ní kí ó sọ ìdí rẹ̀.