Kọ̀mpútà Ní Kí Ìyá Máa Lọ Sílé

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì fi í nu ọwọ́. Ìtàn ọmọkùnrin kan nìyí, tí ẹ̀rù bà débi pé òógùn ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àga lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Wọ́n mú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ìwádìí ní ilé ìwòsàn ńlá kan, kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn kọ́ kọ̀mpútà bí a ṣe ń dá àrùn ọkàn mọ̀. Òfin kan ń bẹ: wọ́n á ya àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn kan sọ́tọ̀, kọ̀mpútà kò sì gbọdọ̀ rí wọn títí di ọjọ́ ìdánwò rẹ̀.

Ọmọkùnrin yìí yọ́ ṣí èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ó fi gbogbo rẹ̀ kọ́ kọ̀mpútà tirẹ̀. Ìdánwò dé, ẹ̀rọ tó ti rí ìdáhùn tẹ́lẹ̀ gba ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ni wọ́n bá ń pè é ní Ọgọ́rùn-ún. Háà, orí rẹ̀ wú! Ó wú débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ọmọbìnrin onígbàgbọ́ kan ń jókòó tì í lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Àdúrà ni Ọgọ́rùn-ún ń pè é láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni ọmọbìnrin náà wí, "ṣé kì í ṣe pé o ti fi àwọn tí a yà sọ́tọ̀ hàn ẹ̀rọ rẹ?"

"Ìyá Àdúrà, tìẹ gba àádọ́rin, ara ń ta ọ́. Ta ló rí mi?"

"Ẹni tí kì í sùn rí ọ. Àwọn tí ẹ̀rọ yẹn ti rí nìkan ló mọ̀, kò mọ aláìsàn tuntun. Jésù fẹ́ràn rẹ, jọ̀ọ́, lọ sọ òtítọ́ kí irọ́ yìí tó pa èèyàn."

Ọgọ́rùn-ún rẹ́rìn-ín títí àwọn aláìsàn òkè pátápátá fi ń béèrè ẹni tó ń gbéyàwó.

Kò pẹ́, dókítà àgbà gbé ẹ̀rọ Ọgọ́rùn-ún lọ síbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tí àyà ń dùn. Bí ó bá tan iná pupa, aláìsàn á dúró. Bí ó bá tan àwọ̀ ewé, ó di ilé.

Ọgọ́rùn-ún fa Ìyá Àdúrà lọ́wọ́, ó lọ wo ẹ̀rọ rẹ̀ níbẹ̀. Ta ló bá lórí àga? Ìyá tó bí i, aránṣọ, ó fi ọwọ́ di àyà mú. Ẹ̀rọ tan àwọ̀ ewé.

"Màmá, ara yín le," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ máa lọ sílé."

"Ọmọ mi ló ṣe ẹ̀rọ yẹn!" Ìyá ń mí hẹlẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Bí ọmọ mi bá ní ara mi le, ó le nìyẹn." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù! Ọgọ́rùn-ún di àga tí ìyá dìde kúrò lórí rẹ̀ mú, òógùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àga náà lọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé e, orúkọ rẹ̀ á bàjẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ìyá rẹ̀ ń lọ kú nìyẹn, tòun ti bó ṣe ń fi ọmọ yangàn.

Ó di Ìyá Àdúrà mú. "Gbà mí!"

"Èmi kọ́! Ké pe Jésù, kí o sì la ẹnu rẹ. Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà!"

"Jésù, ṣàánú mi! Oníjìbìtì ni mí!" Ó sáré, ó dojú bolẹ̀ níwájú dókítà àgbà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. "Ẹ dá ìyá mi dúró! Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn! Mo fi ìdáhùn hàn án!"

Wọ́n gbé ìyá padà. Ọkàn rẹ̀ ti ń múra àtidáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n gbé e wọlé, ilẹ̀kùn tì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọmọ wà, ibẹ̀ náà ló ti jọ̀wọ́ ayé rẹ̀ fún Jésù, kó tó mọ̀ bóyá ìyá á yè.

Ìyá yè. Wọ́n lé ọmọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó pè é ní Ọgọ́rùn-ún mọ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Òdo ni ọ́, ṣùgbọ́n òdo mi ni ọ́."

Ìwọ tó ń kà á ńkọ́? Àwọn èèyàn ń wò ọ́, àwọ̀ ewé ni wọ́n ń rí, ọkàn rẹ sì ń kú lọ lábẹ́ aṣọ. Ìdánwò kan ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ́ wo ìdáhùn rẹ̀. Jésù nìkan ló yege nínú rẹ̀, ó sì fẹ́ dúró fún ọ. Mo rí ọ, o ti gbé báàgì, o ti ń kọrí síta. Dákun, má jáde. Ké pè é níbi tí o wà yẹn, lónìí, kí ọkàn rẹ tó dáwọ́ dúró.