Sípíkà Ọláníyan àti Ohùn Fàrídà

Orin náà kò tíì dé ìdajì tí Ìyá Fàrídà fi dìde láàárín èrò. Àdúà ọdún kan ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Eléko, lábẹ́ àtíbàbà tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbọ̀n pàpà. Àwọn àáfà ti ṣe tiwọn tán, oúnjẹ ti kárí, wọ́n wá ní kí wọ́n gbé orin tí olóògbé kọ sí i. Obìnrin náà na ìka sí ẹ̀rọ.

"Ẹ pa á. Èyí kì í ṣe ohùn ọmọ mi."

Ojú ti Ṣèyílọ́lá débi pé ilẹ̀ ló ń wò. Òun ló ṣe orin yẹn. Òun ló gba ohùn Fàrídà sílẹ̀ ní sítúdíò rẹ̀ ní Bàdóòrè, ní Ajah, oṣù mẹ́ta kí àìsàn àyà tó gba ẹ̀mí ọmọbìnrin náà. Òun náà ló fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ṣe míìsì rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ pípín ààyè fún ohùn, ìlù àti gìtá, kí ọ̀kan má baà tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Ní sítúdíò, orin náà dùn débi pé omi bọ́ lójú òun tó ṣe é. Ní Eléko, ìlù ti gbé ohùn mì. Ńṣe ni Fàrídà ń kọrin bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá kejì.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Ohùn yẹn nìkan ló ṣẹ́kù fún mi lára rẹ̀," ni ìyá wí. Kò bínú, bẹ́ẹ̀ ì bá sàn bó bá bínú. "Fọ́tò tó wà, omi òkun ti wọlé bà á jẹ́. Ọmọ mi, má jẹ́ kí ohùn náà bá a lọ."

Ṣèyílọ́lá gbé orin náà sínú ọkọ̀ bó ti ń bọ̀ wálé. Ohùn rì. Ó gbọ́ ọ lórí fóònù, ohùn rì. Ó yá rédíò aládùúgbò, bákan náà ni. Orí sípíkà tirẹ̀ nìkan ni orin ti dùn. Ibẹ̀ ni àyà rẹ̀ ti já.

Sípíkà yẹn, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Ọláníyan fi ọgbọ̀n ọdún ṣe iṣẹ́ ohùn ní ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo orin jáde. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, méjì yìí ló ní kí wọ́n fún òun. Àpótí dúdú ni, ẹnu tí ohùn ń gbà jáde funfun, ó ti dàgbà ju Ṣèyílọ́lá lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí ni wọ́n ń fi irú ògbólógbòó bẹ́ẹ̀ ṣe. Baasi rẹ̀ kò tó nǹkan, kì í mi ilé, kì í múni jó. Ṣùgbọ́n kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Sípíkà ayé òde òní a máa fi baasi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ti Ọláníyan, bí ohùn bá sá pamọ́ sẹ́yìn ìlù, ojú ẹni ló ti máa sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó bá yege lórí rẹ̀ fi ń yege nínú ọkọ̀, lórí fóònù, lẹ́nu ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí. Bàbá a máa wí pé òun kò nílò sípíkà tó máa bá òun ṣàwàdà.

Òtítọ́ korò. Báwo ni sípíkà olóòótọ́ ṣe wá ń dùn láti oṣù kan sẹ́yìn? Ṣèyílọ́lá ti gbọ́ adùn yẹn láti ọjọ́ tó gbé e dé láti ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe, inú rẹ̀ sì dùn, ó tún tẹ alátùn-únṣe láago, ó dúpẹ́. Gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ pé adùn òjijì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dúpẹ́ fún. Ọ̀fọ̀ bàbá ló dí i létí.

Ó mú ìtúdè, ó tú u. Àpótí, ti Bàbá ni. Nọ́ńbà tí Bàbá fi ìṣó họ sídìí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀là bébà pelebe tí Bàbá lẹ̀ mọ́ ẹnu kékeré òkè, kí ariwo rẹ̀ má baà gún etí, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹnu ńlá tó fà yọ, ọ̀dà funfun ni wọ́n kùn ún kó lè jọ ti Bàbá, òòfà ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi di àwọn wáyà inú rẹ̀.

Ọmọ apẹja ni Ọláníyan. Kò sí sípíkà tó tú rí tí kò fi okùn àwọ̀n búlúù so wáyà inú rẹ̀, pẹ̀lú kókó tí àwọn ará Eléko fi ń so àwọ̀n wọn, kí wáyà má baà máa gbá ara àpótí. Èèyàn méjì péré ló kọ́ ní kókó yẹn: Ṣèyílọ́lá àti Gbádégẹṣin. Gbádégẹṣin sì ni alátùn-únṣe.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Lẹ́kkí ni Ọláníyan ti rí Gbádégẹṣin, ọmọ Ìkirè tó ń ru búlọ́ọ̀kù. Ó mú un wálé, ó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọdún mẹ́jọ ló fi bá wọn jẹun nínú àwo kan náà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, òun ló di ibi orí pósí mú.

Ní ọjọ́ kejì, Ṣèyílọ́lá bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Lángbàsá.

"Bọ̀ọ̀dá Gbádé, ta ló tú sípíkà Bàbá?"

"Èmi ni. Ṣebí ìwọ lo gbé e wá."

"Inú rẹ̀ dà?"

"Inú wo?"

"Ojúlówó inú rẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ má ṣe báyìí."

Gbádégẹṣin kò gbójú sókè kúrò nídìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé àpótí rẹ kọ́ nìyẹn? Ṣé nọ́ńbà Bàbá ò sí lára ẹ̀ ni? Ṣèyí, ọ̀fọ̀ ló ń dà ẹ́ láàmú. Lọ sinmi. Tóo bá tún pariwo níwájú kọ́sítómà mi, máa ti ẹ́ síta, mi ò ní wo ojú Bàbá."

Nígbà tó padà lọ lọ́jọ́ kẹta, àgádágodo ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní ó ti kẹ́rù, kò sì sọ ibi tó ń lọ.

Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ìnsípẹ́kítọ̀ Tàjùdéèn ló gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ọkùnrin onísùúrù, àmọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Sípíkà yẹn ń sọ̀rọ̀ àbí kò sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, sà."

"Àpótí ńkọ́?"

"Àpótí wà, sà."

"Kí wá ni wọ́n jí?"

"Inú ẹ̀, sà. Ohùn tó ń gbé jáde ti dùn jù."

Tàjùdéèn fi bírò sílẹ̀. "Màdáàmù, ẹ fẹ́ kí n lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ èèyàn torí pé orin yín dùn jù?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣèyílọ́lá jókòó sínú ọkọ̀ níwájú àgọ́, ó sunkún. Kì í ṣe nítorí sípíkà. Ó ń ronú pé bí ó bá dé Eléko lọ́wọ́ òfo, kí ni yóò wí fún ìyá yẹn?

Tọ́pẹ́ ló là á lójú. Òun náà ń ṣe iṣẹ́ ohùn ní Lẹ́kkí Phase 1, ó sì ní irú sípíkà àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ju pé Ṣèyílọ́lá ní kó tú u lọ. Ó tú u. Ọ̀dà funfun, òòfà fúyẹ́fúyẹ́. Tọ́pẹ́ di orí mú.

"Oṣù mẹ́rin! Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń bá àwọn oníbàárà jà, tí mò ń ní etí wọn ni kò dáa!"

Wọ́n wá àwọn yòókù rí. Sítúdíò mẹ́rin ló ti gbé sípíkà lọ sọ́dọ̀ Gbádégẹṣin láàárín ọdún kan; mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gba àpótí tiwọn padà pẹ̀lú inú ayédèrú. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti pa iṣẹ́ tì, ó rò pé etí òun ti kú. Tọ́pẹ́ tún rántí nǹkan kan: Fọláránmi, olórin kan ní VGC, ọgbà àwọn ọlọ́lá tó ní géètì, ń fọ́nnu pé òun ra sípíkà àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tú rí, tààrà láti Lọ́ńdọ̀nù, àti pé ẹni tó ta á ń gbé méjì sí i bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Nígbà tí àwọn mẹ́rin tò síwájú tábìlì rẹ̀, Tàjùdéèn kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bí ẹnì kan bá sọ ọ́, mo lè ní etí rẹ̀ ni kò dáa," ó wí. "Mẹ́rin ti di ẹjọ́."

Lọ́sàn-án Sátidé, ní ilé Fọláránmi, níbi tí Tàjùdéèn àti àwọn yòókù ti sá pamọ́ sí yàrá kejì, ẹni tó wọlé nínú kóòtù, pẹ̀lú gíláàsì dúdú lójú, Gbádégẹṣin ni. Ó gbé sípíkà kan dání. Ó ti ń rojọ́ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń yin ọjà, àfi bó ṣe rí Ṣèyílọ́lá lórí àga. Ó rọra gbé sípíkà kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n mú wáyà nínú ọkọ̀," ó wí fún Fọláránmi.

Kí Tàjùdéèn tó ti inú yàrá kejì jáde, ọkọ̀ ti gbéra. Ó rọ́ gba òpópó kìíní, ó ya sí ìkejì, ó forí lé géètì ńlá tó jáde sí ojú ọ̀nà márosẹ̀. Tàjùdéèn ń fẹsẹ̀ sáré, bàtà kan bọ́, kò bojú wẹ̀yìn. Ṣèyílọ́lá ń tẹ̀ lé e, ọkàn rẹ̀ ń wí pé bí ọkùnrin yìí bá bọ́ sójú márosẹ̀, ó parí.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ẹni tó ta ayédèrú ọ̀rọ̀ fún gbogbo èèyàn gbàgbé àṣà ibi tó wọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò gbé ẹrù jáde ní VGC láìsí ìwé láti ọwọ́ onílé. Sípíkà kejì wà lórí àga ẹ̀yìn, gbangba.

"Ìwé dà, sà?" ni Yísà, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, bi í.

"Ẹrù mi ni. Ṣí géètì!"

"Kò síwèé, kò sí ìjáde, sà."

"Màá lé ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́!"

"Ẹ ṣì mú ìwé wá, sà."

Ó fẹ́ padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ mìíràn ti dí i. Ibẹ̀ ni Tàjùdéèn ti fà á sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan láìníbàtà. Wọ́n mú un padà sí ilé Fọláránmi, wọ́n gbé sípíkà méjèèjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Lọ́ńdọ̀nù. Nínú kọ̀ǹténà."

"Ta ló ti tú u rí?"

"Kò sẹ́ni tó tú u rí. Bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ ló wà."

"Dá ara ẹ lójú o."

"Mo ní kò sẹ́ni tó tú u!"

"Tú u," ni Tàjùdéèn wí fún Ṣèyílọ́lá.

Ìdè mẹ́rin. Ó fa ẹnu funfun yọ. Òòfà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn wáyà tò lẹ́sẹẹsẹ, okùn àwọ̀n búlúù ló so wọ́n, kókó Eléko ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Okùn náà tuntun. Àpótí tí wọ́n gbé e sí pàápàá, gbẹ́nàgbẹ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án ni, wọ́n fi èéfín sọ ọ́ di arúgbó.

"Bọ̀ọ̀dá Gbádé," ni Ṣèyílọ́lá wí, "ṣé àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù náà ń so àwọ̀n ẹja ni?"

Gbádégẹṣin wo kókó náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀.

"Kí ló dé tóo so ó?" ni Tàjùdéèn bi í. "Ò bá ti fi ọ̀rá dì í bíi ti àwọn yẹn, kò sí ohun tí à bá rí."

"Àwọn yẹn, ayédèrú ni wọ́n. Èyí, ojúlówó ni." Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mi ò lè pa ojúlówó dé láìso ó. Bàbá kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀: sítúdíò mẹ́rin, gbẹ́nàgbẹ́nà, orúkọ irọ́ tó ń jẹ́, ibi tó kó inú sípíkà yòókù sí. Nígbà tó tán, ó yíjú sí Ṣèyílọ́lá.

"Ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí Bàbá kú, ìwọ jogún sípíkà. Èmi, ẹ fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì méjì."

Òótọ́ ni. Ṣèyílọ́lá fúnra rẹ̀ ló ṣa ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó sì rò nígbà yẹn pé òun ṣe dáadáa. Ìyẹn kò sọ olè di ẹ̀tọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ró, ó dùn ún bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń mú lọ. Tọ́pẹ́ ń fò sókè. Ẹni tó rò pé etí òun ti kú di òòfà tirẹ̀ mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Fọláránmi, tí wọ́n lù ní jìbìtì, dúró, ó ń wò wọ́n.

Lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ti dá inú sípíkà padà fún oníkálukú, Ṣèyílọ́lá ránṣẹ́ sí Ìyá Fàrídà. Obìnrin náà wá sí Bàdóòrè ní òwúrọ̀, ó jókòó sáàárín sípíkà méjèèjì, ó ká ọwọ́ lé itan.

Ohùn Fàrídà jáde, láìsí ìlù, láìsí gìtá. Ó dúró sáàárín yàrá gan-an. Ìyá mi orí, ó mi orí. Lẹ́yìn ìlà kejì, nǹkan mìíràn jáde: èémí kan tó ya, pẹ̀lú súfèé tín-ín-rín nínú àyà. Lẹ́yìn ìlà kẹta, ó tún jáde. Ṣèyílọ́lá kò gbọ́ ọ rí. Ọjọ́ tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, àwọn méjèèjì ń ṣàwàdà ni. Nígbà tó sì wá ń ṣe míìsì, ayédèrú ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ó sáré na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Ìyá, ẹ má bínú. Mo lè yọ ìyẹn kúrò. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ọjọ́ yẹn," ni ìyá wí, "mo bi í pé ara ńkọ́. Ó ní ara òun le." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ báyìí, kò jẹ́ kí n mọ̀."

Wọ́n gbọ́ ọ débi tó parí sí. Ọwọ́ Ṣèyílọ́lá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà, ó ń dúró de ohun tí ìyá yóò sọ.

"Má yọ ọ́," ni Ìyá Fàrídà wí. "Ibi tó ti ń mí nìyẹn."