Fọ́tò Ẹni Tó Kẹ́yìn sí Wa

Ẹni àkọ́kọ́ tó ra fọ́tò náà kò fi ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ìbéèrè ló fi ránṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí ìyá mi?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú yàrá kótópó tí mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, níbi tí páálí tí mo fi ń di ọjà ti kún dé ojú fèrèsé. Iṣẹ́ mi kò lọ́jú pọ̀. Màá ya fọ́tò, màá gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù yóò sọ bó ṣe fẹ́ kó tóbi tó. Bàbá Íǹkì tó ń tẹ̀wé nísàlẹ̀ ilé wa yóò tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tó nípọn, màá ká a, màá kì í bọnú páálí, ó di ilé ìfìwéránṣẹ́. Òkè, odò, òrùn tó ń wọ̀, ìwọ̀nyẹn ló ń tà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó bi mí rí níbo ni mo ti rí ìyá òun.

Ohun tó wà nínú fọ́tò tí obìnrin náà rà kò ju èrò kan lọ, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ibùdó rélùwéè, láàárọ̀, nínú kùrukùru. Ó kẹ́yìn sí ẹni tó ń wò ó. Kóòtù aláwọ̀ eérú ló wọ̀, àpò kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi tí mo yà á kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Mo fèsì pé ẹ má bínú, ó ní láti jẹ́ pé ó jọ ìyá yín ni. Kíá ló dá mi lóhùn: "Ìborùn búlúù tó wà lọ́rùn ẹ̀ yẹn, iná jó o lápá òsì. Èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù jó o. A sin ín pẹ̀lú ẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn."

Mo fa fọ́tò náà mọ́ra. Kò sí ìborùn. Kò sí búlúù kankan níbẹ̀.

Mo ní ọ̀fọ̀ ló ń bá a fínra, mo kí i kú ìrọ́jú, mo gbọ́kàn kúrò níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, káfíńtà kan kọ̀wé pé àbúrò òun tó bómi lọ ni, pé òun mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olùkọ́ kan ní ọkọ òun ni. Ìyá kan béèrè fún méjì, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún bàbá ọmọ tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ó ní: "Ọmọ wa ò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ẹ ò rí i bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣe tólẹ̀?"

Mo wo bẹ́ńṣì náà títí ojú fi ń ro mí. Ẹsẹ̀ ẹni tí èmi ń wò tẹlẹ̀ dáadáa.

Aláwàdà ni Bàbá Íǹkì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé fọ́tò yìí fún un, ṣe ló rẹ́rìn-ín: "Ojú ni gbogbo ayé ń yà, ìwọ ń ya ìpàkọ́. Ọjọ́ tó o bá ya gìgísẹ̀, wá pè mí." Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ gba iṣẹ́, n kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Ó jókòó, fọ́tò náà wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún íǹkì, ó gbé wọn sókè kí wọ́n má baà kàn án.

"Má gbé eléyìí wá mọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ìyàwó mi ni. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí láì wò ó dáadáa. Òní ni mo wò ó." Ó gbójú sókè. "Ta ni ìwọ ń rí?"

"Àlejò kan ni, Bàbá. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó fi àánú wò mí. "Ṣé kò sí ẹni tó tíì kú fún ọ ni?"

Ìbéèrè yẹn bá mi gun àkàsọ̀ padà sókè. Ẹni mi ti kú. Ọjọ́ tí wọ́n bí mi gan-an ni ìyá mi kú. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé. Télọ̀ ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá béèrè, ẹsẹ̀ ni yóò fi tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ariwo rẹ̀ yóò gbé ìbéèrè mi mì.

Òkú oníkálùkù ń yọjú sí i, tèmi kò yọjú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú àwọn oníbàárà mi. Àràárọ̀ ni mo ń gbé fọ́tò náà síwájú, màá ní: "Ìyá mi, tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rí yín." Àlejò inú kóòtù yẹn náà ni mo ń rí.

Ní Sátidé, mo gbé e lọ sílé bàbá mi. Ète mi ni pé tí òun bá rí ìyá mi níbẹ̀, ó kéré tán, màá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ohun tó wọ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ, láàárín ṣọ́ọ̀kì àti sísọ́ọ̀sì.

"Bàbá, ẹ bá mi wo iṣẹ́ mi."

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú.

"Kóòtù eérú," ó ní.

Nínú gbogbo àwọn tó ti rà á, kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan kóòtù yẹn rí.

"Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Èmi ni mo rán an. Wo etí ẹ̀ nísàlẹ̀, apá òsì gùn ju ọ̀tún lọ. Mò ń kánjú ni. Oyún ẹ ti tóbi, òtútù ń mú un. Mo ní tó bá bímọ tán, màá tún un ṣe." Ìka rẹ̀ sún lọ sórí àpò náà. "Aṣọ ẹ ló wà nínú eléyìí. Òun ló gbé lọ sọ́sibítù."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, apá òsì gùn ju ọ̀tún lọ. Oṣù méjì ni mo fi wò ó lójoojúmọ́, n kò kíyè sí i.

Ìyá mi ni mo jókòó tì tí mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yọjú. Àwọn yòókù fi èjìká mọ òkú tiwọn, wọ́n fi ibi tí iná jó mọ̀ ọ́n, wọ́n fi ẹsẹ̀ tí kò tólẹ̀ mọ̀ ọ́n. Èmi kò ní nǹkan kan tí mo lè fi mọ tèmi.

Bàbá mi sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló ń sọ̀rọ̀, títí oòrùn fi kúrò lórí tábìlì: bí ìyá mi ṣe máa ń fi ìgúnpá ti ilẹ̀kùn, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín tó tán. Ó ní fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní, òun ló gbé e sínú pósí, nítorí òun rò pé tí òun kò bá rí i mọ́, ọkàn òun á fúyẹ́. "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́," ó ní.

Nígbà tí mo ń dìde, ó di ọwọ́ mi mú. "Lọ́jọ́ tó o yà á, ṣé o rí ojú ẹ̀?"

"Rárá, Bàbá."

N kò purọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ tán. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe gbé kámẹ́rà sókè, òkúta wẹ́wẹ́ ró lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Èrò náà gbọ́ ọ. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀, mo ti ń rí etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rù pé fọ́tò mi yóò bàjẹ́. Mo ké sí i bí àwa ayàwòrán ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bojú wẹ̀yìn. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Ó sì rọra dá ọrùn rẹ̀ padà, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ tọrọ nǹkan kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀.