Akọni Oníṣẹ́ Méjì

"Dádì, ẹ má tíì wọlé! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ọgbẹ́ yín sàn!"

Adúmáadán ló ń pariwo níwájú kọ̀ǹpútà. Bàbá rẹ̀, jórinjórin ni. Irin ló já lu ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó fi di ẹni tó ń jókòó sílé. Géèmù kan tí wọ́n jọ ń ta lórí kọ̀ǹpútà ni ọmọ rẹ̀ fi ń dá a lára yá.

Nínú géèmù náà, oníkálukú gbọ́dọ̀ so iṣẹ́ méjì pọ̀ fún akọni rẹ̀. Bàbá mú jagunjagun àti alágbẹ̀dẹ, Adúmáadán mú tafàtafà àti oníṣègùn. Bí ọ̀tá bá ṣá bàbá, ọmọ á tọ́jú rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gun òkè inú géèmù náà lọ díẹ̀díẹ̀.

Àfi bí ọ̀rẹ́ Adúmáadán kan nílé ìwé ṣe gbọ́, tó bú sẹ́rìn-ín. "Oníṣègùn kẹ̀? Iṣẹ́ ojo! So jagunjagun mọ́ oṣó, kí wọ́n mọ̀ pé o dé!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó pààrọ̀ iṣẹ́ méjèèjì, kò sì sọ fún bàbá.

Nírọ̀lẹ́, ejò abìyẹ́ kan tu iná lé wọn lórí.

"Ọmọ mi, oògùn dà?"

"Mo... mo ti fi ìṣègùn sílẹ̀, sà."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, iná ti jó akọni bàbá. Nínú géèmù yìí, ẹni tó bá kú ti kú nìyẹn. Bàbá fi ẹ̀rín bò ó. "Kò burú. Ó ti rẹ akọni mi náà." Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun ò ní lè ta géèmù. Adúmáadán mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀. Ó pa akọni alágbára rẹ̀ rẹ́ pátápátá, ó wá kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ máà bínú, Dádì. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo tẹ̀lé. Mo ti padà síbẹ̀rẹ̀. Oníṣègùn ni mí. Ẹ wá yan tiyín."

"Ọ̀rẹ́ rẹ náà ńkọ́?"

"Kò bá wa gun òkè, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí àyà rẹ̀ fi ń mì. "Ó dáa, olè àti alásè ni tèmi lọ́tẹ̀ yìí!"

"Olè tó ń dáná? Yéè, Dádì!"

Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Ọjọ́ náà ni Adúmáadán mọ̀ pé títọ́jú ẹni kì í ṣe iṣẹ́ ojo, àti pé kò yẹ kéèyàn torí ìyìn ẹni tó ń wòran já ẹni tó ń bá a rìn kulẹ̀.