Ìlà Funfun Ẹnu Ọ̀nà Pátì

"Kámálà, gbé abọ́ ìrẹsì lílọ̀ yẹn wá kí oòrùn tó yọ!"

Ohùn Pátì nìyẹn, ìyá tó bí bàbá Kámálà. Pátì ni wọ́n ń pe ìyá àgbà ní èdè Tàmílì, èdè àwọn ará gúúsù Íńdíà níbi tí wọ́n ti wá. Ọdún 1986 ni. Bàbá Kámálà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀jọ́, inú ẹ́sítéètì Ìbà ni gbogbo wọn sì ń gbé.

Láràárọ̀, kí ariwo àwọn kọ́ńdọ́ bọ́ọ̀sì tó gbalẹ̀ ní Okokomáíkò, Pátì á ti gbá ẹnu ọ̀nà, á wọ́n omi sí i, á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Á bu ìrẹsì tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, á jẹ́ kó máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Àmì funfun kéékèèké ni yóò kọ́kọ́ tò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlà á máa lọ́ mọ́ wọn bí ìtàkùn, títí yóò fi di òdòdó ńlá tí èèyàn kò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kólàm ni wọ́n ń pè é. Kó tó di ọ̀sán, èèrà àti ológoṣẹ́ á ti jẹ nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn á sì ti pa ìyókù rẹ́.

"Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn," Pátì á wí. "Ilé tó bá jí, tó kọ́kọ́ bọ́ èèrà, ebi kò ní pa àlejò níbẹ̀."

Ìyá Kámálà náà máa ń yà á nígbà tí wọ́n wà ní Íńdíà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, kò ráyè mọ́. Tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn á jókòó sórí ẹní, wọ́n á jẹun lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nísinsìnyí, tíì àti búrẹ́dì ni, lórí ìdúró, kálukú pẹ̀lú báàgì léjìká. "Ayé ti yí, Àmmá," ni bàbá máa ń sọ fún ìyá rẹ̀. Pátì kì í bá a jiyàn. Á rẹ́rìn-ín, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nílé-ìwé, Beatrice ni gbogbo ọmọ kíláàsì ń fẹ́ bá ṣọ̀rẹ́. Sójà ni bàbá rẹ̀, bárékè Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìdánwò ìwé mẹ́wàá ti ń sún mọ́lé nígbà tó yíjú sí Kámálà lọ́jọ́ kan.

"Kámálà, ilé yín la ti máa kàwé ní Sátidé o. Àmọ́ ṣé òótọ́ ni pé ìyá àgbà yín máa ń fi ẹfun ṣètùtù sẹ́nu ọ̀nà? Wọ́n ní ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, orí ẹ̀ á dàrú!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú Kámálà pọ́n.

"Irọ́ ni! Kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Nígbà tí Sátidé dé, Pátì ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀. Ó ya òṣíbàtà ńlá kan tó fẹ̀ kan òpó ẹnu ọ̀nà méjèèjì, ó sì wọlé lọ gbé tíì kaná. Kámálà rí i, ó rántí ọ̀rọ̀ Beatrice. Ó po omi ọṣẹ, ó dà á sórí òdòdó náà, ó fi ìgbálẹ̀ gbo ó títí sìmẹ́ńtì fi padà ní àwọ̀ eérú. Kò tíì fi omi ṣàn án nígbà tó gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú títì. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ pàdé wọn.

Igbe ni wọ́n gbọ́ lẹ́yìn.

Pátì ló jáde láti wo àwọn àlejò rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú omi ọṣẹ, ó sì ṣubú lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Màmá Abọ́sẹ̀dé, aládùúgbò wọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ nínú sùtánà funfun, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Yéè! Ìyá àgbà, ẹ pẹ̀lẹ́! Ta ló da omi ọṣẹ sílẹ̀ báyìí?"

Pátì wo ilẹ̀ tó ṣófo, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì sọ ní Tàmílì pé, "Sọ fún wọn pé ojú mi ni kò ríran dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Kámálà ju kí wọ́n nà án lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ Kámálà padà sílé láìkàwé. Egungun ọrùn ọwọ́ Pátì ti kán. Dókítà dì í, ó ní kò gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Abọ́sẹ̀dé wá kí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀.

"Ibí yìí mà ṣófo o. Tí mo bá ń lọ sí àdúrà, mo máa ń dúró wò ó, inú mi á dùn. Ṣé kò sẹ́lòmíì tó lè máa yà á nínú yín?"

"Kò sí, mà," ni Kámálà dáhùn. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó yé e pé òótọ́ ni.

Ó wọ yàrá lọ, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Pátì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn wọn ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà.

"Pátì, èmi ni mo fọ̀ ọ́ nù. Ojú ló ń tì mí."

"Mo mọ̀. Aṣọ rẹ ń rùn fún ọṣẹ." Pátì mí kanlẹ̀. "Ìyá rẹ fi í sílẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ kò fún un láàyè, mi ò bá a bínú. Ìwọ, nítorí ẹnu àwọn èèyàn lo ṣe fọ tìrẹ nù. Àwọn méjèèjì kò jọra."

Kámálà sunkún títí. Nígbà tó nu ojú, ó ní, "Ẹ kọ́ mi."

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Láti ọjọ́ náà, Pátì á jókòó sórí àga, á gbé apá kọ́rùn, á máa fi ẹnu darí rẹ̀. Kámálà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òdòdó àkọ́kọ́ tó yà wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Pátì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Nílé-ìwé, Kámálà dìde níwájú gbogbo kíláàsì. "Irọ́ ni mo pa fún yín. Ìyá àgbà mi ń ya nǹkan sẹ́nu ọ̀nà wa. Ìrẹsì ni, kì í ṣe ẹfun. Ẹ wá wò ó." Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Beatrice kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àfi ní ọjọ́ kan tó dá nìkan wá, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà funfun náà, tó ń wò ó bí ẹni tó ń wo odò.

"Ṣé mo lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́?"

"Tẹ̀ ẹ́. Torí àlejò la ṣe yà á."

Ọwọ́ Pátì san, àmọ́ kò dúró ṣinṣin mọ́. Lọ́dún kejì ó padà sí Íńdíà, kò sì wá sí Ìbà mọ́ títí ó fi kú. Kámálà ti dàgbà báyìí. Ohun tó máa ń sọ jù ni òórùn ilẹ̀ tútù lẹ́sítéètì Ìbà láàárọ̀, àti ohùn àgbà kan tó ń wí pé, "Rọra, má kánjú, jẹ́ kí ìlà náà yí padà fúnra rẹ̀." Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nígbà tí ọwọ́ Pátì ṣì le.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ayé yóò máa yí, àṣà ilé yín náà yóò sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Èyí tí iṣẹ́ àti àkókò bá gbà lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín ojúgbà gba ogún àwọn òbí yín lọ́wọ́ yín, nítorí ẹni tó rẹ́rìn-ín yóò gbàgbé, ẹni tó sọ ogún nù ni yóò máa wá a kiri.