Ẹ Má Tíì Dáná Sun Kuntala

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Sukanti jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń to ẹ̀wà lílọ̀ ṣóńṣó-ṣóńṣó sórí ẹní kí ó lè gbẹ. Kuntala ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ràn ẹ̀wà yìí jù, ó sì fẹ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí i nílé ọkọ. Ìgbà náà ni fóònù dún nínú ilé.

Dibakar ọkọ rẹ̀ ló gbé e. Kò pẹ́ tó fi jáde.

"Ta ni yẹn?" Sukanti bi í.

"Nirakar ni, àna wa." Ó di ògiri mú. "Ó ní ejò ṣán Kuntala. Ó ní ọmọ ti kú."

Sukanti dìde, ẹ̀wà lílọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kuntala wo?"

"Kuntala tiwa. Ó ní ká tètè máa bọ̀, pé ooru ti pọ̀ jù, àwọn ò ní lè dúró pẹ́ kí àwọn tó sun òkú rẹ̀ bí àṣà wa."

Igbe tó jáde lẹ́nu Sukanti ló gbé Hemalata aládùúgbò wọn jáde. Ọlọ́pàá ni Hemalata kó tó fẹ̀yìn tì, Àǹtí sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó gbá Sukanti mọ́ra títí èémí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Dibakar.

"Ibo lára rẹ̀ ni ejò ti ṣán an?"

"Lẹ́sẹ̀, ohun tó wí nìyẹn."

"Ta ló rí ejò náà?"

"Kò sọ fún mi."

"Ọsibítù wo ni wọ́n gbé e lọ?"

"Àǹtí, mi ò mọ̀! Ṣé ìgbà téèyàn ń sunkún ni wọ́n ń béèrè irú èyí?"

"Ìgbà yẹn gan-an ni. Pe ọkùnrin náà padà, kí o bi í."

Dibakar pè é. Nirakar ní kò sí àyè láti lọ sí ọsibítù kankan, pé ojú ẹsẹ̀ ni ọmọ náà kú.

"Ojú ẹsẹ̀?" Hemalata rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. "Ejò kì í pani bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fìtílà pa. Ọsibítù ò jìnnà sí wọn. Màlúù wọn ṣàìsàn lọ́jọ́sí, wọ́n wá dókítà fún un. Ìyàwó ọmọ wọn wá ń kú lọ, wọ́n jókòó tì í. Sọ fún un pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì gbé e kúrò níbi tó wà títí a ó fi dé."

"Àǹtí, àna wa ni wọ́n. Irú èèyàn wo ni wọ́n á pè wá?"

Sukanti nu ojú rẹ̀. "Bàbá Kuntala, gbé fóònù yẹn wá."

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Nirakar. Nirakar ní òun gbọ́, pé àwọn ò ní fọwọ́ kàn án. Irọ́ ló pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Kuntala jẹ́, nítorí àwọn tó ń pa irú rẹ̀ kì í fẹ́ ká rántí pé èèyàn ni ẹni tí wọ́n pa. Aránṣọ ni. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í mọ sí ẹnu. Gbogbo èjìká ló fi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà ọdún Raja, tí àwọn ọmọbìnrin máa ń fi jangilọ́fà ṣeré lórí igi, òun ló máa ń fò sókè jù, ìyá rẹ̀ á máa pariwo nísàlẹ̀ pé, "Wàá ṣubú o, ọmọ yìí!"

Láti ọjọ́ tó ti wọlé Pitambar ọkọ rẹ̀, ọmọ Nirakar, ni wọ́n ti ń bi í léèrè alùpùpù tí wọ́n ní bàbá rẹ̀ ṣèlérí. Tó bá se oúnjẹ, alùpùpù. Tó bá sùn díẹ̀, alùpùpù. Òfin ilẹ̀ wa ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí ìyàwó nítorí ìgbéyàwó, síbẹ̀ wọ́n ń béèrè rẹ̀ bí ẹni ń béèrè omi mu.

Nígbà ọdún Raja tó kọjá, ó wálé pẹ̀lú ojú tó wú. Ó kọ́kọ́ ní òun ṣubú ni. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dúró síbí. Ẹ̀rù Pitambar ń bà mí."

Dibakar dáhùn pé, "Má sọ bẹ́ẹ̀. Kí làwọn ará àdúgbò á wí?" Òun fúnra rẹ̀ ló sì mú un padà.

Lọ́jọ́ tí fóònù dún yẹn, Sukanti, Dibakar àti Hemalata wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sílé Nirakar. Dibakar kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Wọn ò bá òkú nílé. Àwọn èèyàn Nirakar ti gbé e lọ sétí odò, níbi tí wọ́n ti ń sun òkú. Wọ́n ti to igi, àwọn ọkùnrin ti dúró yí i ká. Wọ́n ti wẹ Kuntala, wọ́n wé sárì pupa, aṣọ gígùn àwọn obìnrin, mọ́ ọn lára, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, wọ́n da òdòdó bò ó. Nínú ooru tó ń mú gbogbo èèyàn làágùn yẹn, wọ́n fi ìborùn wé e lọ́rùn dé àgbọ̀n.

"Ẹ káàbọ̀ o," Nirakar wí. "A ti ń retí yín. Ẹ wá fojú kàn án kí á lè ṣe ètùtù rẹ̀."

Ọkùnrin kan pariwo látẹ̀yìn pé, "Kí làwọn ìyá yìí ń wá? Obìnrin kì í wá síbí!"

Sukanti yíjú sí i. "Obìnrin kì í wá síbí, àfi tẹ́ ẹ bá ti pa á, àbí?"

Ó kọjá láàárín àwọn ọkùnrin náà. Ó kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó ká sárì náà sókè. Wọ́n ti fi àwọ̀ pupa kun ẹsẹ̀ náà bí ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun. Kò sí ojú eyín ejò níbẹ̀, kò wú, kò dúdú.

"Ọwọ́ ni," Pitambar sọ lójijì. "Ọwọ́ ni ejò ti ṣán an."

"Bàbá ẹ ní ẹsẹ̀ ni."

"Wọ́n ṣì í sọ ni."

Sukanti wo ọwọ́ méjèèjì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju èékánná mẹ́ta tó ti ṣẹ́. Ó wá na ọwọ́ sí ìborùn. Pitambar sáré bọ̀, ó ní kò bójú mu kí wọ́n máa tú òkú, ṣùgbọ́n Hemalata ti bọ́ sáàárín wọn.

Sukanti fa ìborùn náà. Ilà dúdú kan yí ọrùn Kuntala ká.

Mo ti bá Sukanti sọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ́jú yẹn. Ó ní òun ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́, pé omi odò nìkan lòun ń gbọ́.

"Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ló há mọ́ ọn," Nirakar wí.

"Àárọ̀, ejò ni," Hemalata wí. "Báyìí, ìlẹ̀kẹ̀ ni. Tó bá tún di ọ̀sán, kí ló máa jẹ́?"

Àgbàlagbà kan lábúlé náà tọ Sukanti wá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń tu ọmọdé nínú. "Ìyá Kuntala, ọmọ ti lọ. Ọlọ́pàá ò lè jí i. Ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ láàárín ara wa. Nirakar ò ní fọwọ́ lásán sìn yín sílé."

Sukanti kẹ̀yìn sí i. Ó gorí igi tí wọ́n tò, ó jókòó sí i láàárín gbùngbùn, ó fa sárì rẹ̀ bo orúnkún.

"Ẹni tó bá fẹ́ dáná, kó dá a," ó wí. "Kó sun èmi náà."

Hemalata ti ń pe àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ṣí ohùn fóònù náà síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Màdáámù, wọ́n ti fi tó wa létí," ọlọ́pàá náà wí. "Ejò ni. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n sìnkú wọn."

"Ta ló yẹ òkú náà wò tó sọ fún yín pé ejò ni?"

"Bàbá ọkọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Gbọ́ mi, ọmọ mi. Kò tíì pé ọdún méjì tó lọ́kọ. Òfin ní obìnrin tó bá kú ikú tí kò yéni láìtíì pé ọdún méje nílé ọkọ, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ òkú rẹ̀ wò, májísíréètì sì gbọ́dọ̀ wádìí ikú náà. Tí wọ́n bá sun ún, ẹ̀rí jóná nìyẹn, ìwọ lo sì jẹ́ kó jóná. Kí lorúkọ ẹ?"

"Màdáámù..."

"Orúkọ ẹ ni mo béèrè. Mo fẹ́ mọ ẹni tí mo máa dárúkọ fún ọ̀gá yín."

"À ń bọ̀," ni ọlọ́pàá náà wí.

Bí Pitambar ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó já ògùṣọ̀ iná gbà lọ́wọ́ ẹni tó mú un dání, ó sáré lọ sídìí igi. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀ o! Dibakar ló dì í mú. Ó gba ògùṣọ̀ náà, ó jó o lọ́wọ́, kò jù ú sílẹ̀ títí ó fi dé etí omi. Ó sọ ọ́ sódò.

"Ó ní ẹ̀rù ẹ ń ba òun!" Ó ń kígbe, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀. "Ó sọ fún mi! Ó sọ fún mi, mo tún mú un padà wá fún ẹ!"

Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n gbé Kuntala lọ sí ọsibítù. Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò kò rí oró ejò kankan. Egungun ọ̀fun rẹ̀ ti ṣẹ́, awọ ara ẹlòmíràn sì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó jà. Nígbà tí wọ́n ní kí Pitambar bọ́ṣọ, ojú ibi tí Kuntala ti fi èékánná ya á ṣì wà léjìká rẹ̀. Ọwọ́ kékeré Kuntala ti kọ orúkọ ẹni tó pa á sí i lára.

Wọ́n fi Pitambar àti Nirakar sí àhámọ́, ẹjọ́ ṣì ń lọ nílé ẹjọ́. Sukanti kì í pa ọjọ́ ẹjọ́ kan jẹ. Wọ́n ti fi ìhàlẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, kò yéé lọ.

Obìnrin kan tí ògiri ilé rẹ̀ fara kan ti Nirakar ti jẹ́rìí pé òun gbọ́ igbe Kuntala. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni."

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì ní tọrọ àforíjì. Láwọn abúlé wa, ejò ń ṣán ìyàwó, sítóòfù ń bú gbàmù mọ́ ìyàwó, ìyàwó ń yọ̀ ṣubú sí kànga. Irú sítóòfù wo ló mọ ìyàwó ilé yàtọ̀, tí kì í jó ọkọ, tí kì í jó ìyá ọkọ? Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú gbígba irọ́ yìí gbọ́.

Bí ọmọ yín bá kú ikú òjijì nílé ọkọ, ẹ sunkún, ṣùgbọ́n ẹ béèrè: ta ló rí i, ibo ló ti ṣẹlẹ̀, dókítà wo ló tọ́jú rẹ̀? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wẹ òkú náà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sun ún tàbí sin ín kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pe ọlọ́pàá. Bí àgọ́ kan bá kọ̀, ẹ lọ sí òmíràn. Kò sí àgọ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti lé yín padà, bí kì í tilẹ̀ í ṣe agbègbè tirẹ̀. Bí àgbà abúlé bá ní kí ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ nínú ilé, ẹ sọ fún un pé ìpànìyàn kì í ṣe ìjà lásán, ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti ń yanjú rẹ̀.

Ẹ̀yin aládùúgbò, tí ẹ bá gbọ́ igbe, ẹ kan ilẹ̀kùn. Ẹ béèrè iyọ̀ tàbí iná, ohun tó bá ṣáà ti wá sí yín lẹ́nu, kí ẹni tó ń lu ìyàwó lè mọ̀ pé etí wà nítòsí.

Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀ rárá, ẹ̀yin òbí, ọjọ́ tí ọmọ yín bá wálé tó ní ẹ̀rù ọkọ òun ń ba òun, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ tẹ́ ẹní fún un, ẹ gbé oúnjẹ fún un. Ẹ má dá a padà. Ará àdúgbò tí ẹ ń bẹ̀rù ẹnu wọn, wọn ò ní sí níbẹ̀ nígbà tí ọkọ bá ń fún ọmọ yín lọ́rùn.